Iṣẹ́ Tí Zubair Ń Ṣe Lábẹ́ Ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ má tíì bú Àzíìzàt. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Mo mọ̀ pé tí mo bá dé ibi tó burú jù níbẹ̀, àwọn kan á káwọ́ lérí, àwọn kan á pòṣé. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí ojú ò tì rí nítorí ẹni tó fẹ́ràn? Kí oníkálukú dá ara rẹ̀ lóhùn kó tó máa ka ìyókù.

Àzíìzàt ni àkọ́bí Alájì Sàlàkọ́, ẹni tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́rin tó ń ná Èkó àti Benin láti gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Òdìgbó ni ilé wọn wà, ṣùgbọ́n Ọ̀rẹ̀ ni Àzíìzàt ń jí lọ lójoojúmọ́. Òun ló ń jókòó sídìí tábìlì tó ń kọ orúkọ èrò sínú ìwé kí bọ́ọ̀sì tó gbéra, orúkọ èrò àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìdí tábìlì yẹn ni Zubair ti bá a, ọdún kẹrin rèé. Ó gbé báàgì kọ́ apá, ẹrẹ̀ oko ṣì wà lára bàtà rẹ̀.

"Orúkọ?"

"Zubair."

"Nọ́ńbà ẹni tí a máa pè?"

Ọmọkùnrin náà fọwọ́ họrí. "Kò sí."

"Kò sí báwo? O ò ní ẹnì kankan láyé ni?"

"Mo ní ìyá. Àgọ́ Aláyè ló wà, nínú oko kòkó. Kò ní fóònù."

"Mi ò lè kọ 'kò sí' sínú ìwé o. Bàbá mi á bínú sí mi."

"Ó dáa, kọ tìẹ sí i."

Àzíìzàt gbójú sókè. "Tèmi ṣe jẹ́? Tí mọ́tò bá wá takìtì ńkọ́?"

"Wọ́n á pè ẹ́. Wàá wọ ọ̀kadà lọ sí Àgọ́ Aláyè, wàá lọ sọ fún Màmá mi bó ṣe jẹ́ gan-an. Ojú ẹ ò jọ ti ẹni tó máa ń purọ́."

Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè pé ó tó gẹ́ẹ́. Àzíìzàt kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sí i níṣojú Zubair, ó ń ṣe bí ẹni tínú ń bí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún. "Mo ti dé Èkó láyọ̀," ni ohùn náà wí. "Mo ní kí n tètè sọ fún ẹ, kí o má lọ wọ ọ̀kadà lásán." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fún ọdún méjì, kò sí ìgbà tí Zubair máa gba Ọ̀rẹ̀ kọjá tí kò ní fi bọ́ọ̀sì méjì-mẹ́ta sílẹ̀ kó lọ, kó ṣáà lè dúró sídìí tábìlì.

Nígbà tó yá, Zubair rí ọ̀nà gbà dé London. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lásìkò ìsinmi rẹ̀, ló máa ń pe Àzíìzàt, tí á sì máa gbé ojú fóònù káàkiri kí òun náà lè rí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ibùdókọ̀ ojú irin ni, ṣùgbọ́n abẹ́ ilẹ̀ ló wà, láàárín gbùngbùn ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ á dúró sórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, á gbé e lọ sísàlẹ̀, á tún bọ́ sórí òmíràn, títí gbogbo ilé àti títì ìlú á fi wà lókè orí rẹ̀. Ojú irin mẹ́rin ló pàdé níbẹ̀, ọ̀kan wà lábẹ́ èkejì. Ẹni tó bá sọ̀ nínú ọkọ̀ tó ti ìlà-oòrùn bọ̀ á sáré gba ihò gígùn kan tí wọ́n lẹ táìlì funfun sí lára, á lọ wọ èyí tó ń lọ sí àríwá.

"Bí Ọ̀rẹ̀ náà ni," ni Zubair wí. "Ẹni tó ti Benin bọ̀ á sọ̀, á fẹ́ wọ mọ́tò Oǹdó. Kò sí ìyàtọ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pariwo pé ó ku ẹnì kan níbí."

"Ta ló wá ń pe èrò?"

"Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n. Fúnra wọn ni wọ́n ń ya wá."

"Wọn kì í sì í kí ara wọn?"

"Ta ló ráyè? Dúró, dúró ná. Wo ẹ̀wù mi." Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ jáde láti inú ihò dúdú, ó ń gbọn ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ pẹ̀pẹ̀pẹ̀. "Ọkọ̀ ń bọ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń dé."

Àzíìzàt á ki ìka bọ etí kan nítorí ariwo trélà tó ń kọjá lójú títì Ọ̀rẹ̀, á gbé fóònù mọ́ etí kejì. Ó wù ú kó wà níbẹ̀. Ó wù ú kí afẹ́fẹ́ yẹn fẹ́ sí òun náà lára. Ní ọjọ́ kan ó bi í pé, "Iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?"

Zubair yí fóònù padà. Ó fi ìgbálẹ̀ onígi gígùn hàn án, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní táyà lẹ́sẹ̀. "Mo ń gbálẹ̀. Mo ń nu táìlì. Tẹ́nìkan bá da kọfí sórí àtẹ̀gùn, èmi ni wọ́n ń pè. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ṣé ojú ń tì ẹ́?"

"Ojú ti ta?" ni Àzíìzàt wí. "Olè lo jà ni?"

Ohun tó sọ nìyẹn, kò sì purọ́ nígbà tó sọ ọ́. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọ̀kadà lọ kí ìyá Zubair ní Àgọ́ Aláyè, wọ́n jọ jókòó síwájú fóònù kan ṣoṣo, wọ́n jọ ń wo Zubair bó ṣe ń ti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ tó ń bọ̀, ìyá náà ń pàtẹ́wọ́ pé, "Wo ọmọ mi! Wo bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tóní!" Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Ìyá Ìdáyátù tó ń ta búrẹ́dì nínú gáréèjì ni Zubair bẹ̀ kó bá òun ṣe alárinà. Obìnrin náà wọ aṣọ tó dáa, ó lọ bá Alájì nílé ní Òdìgbó. Àzíìzàt wà lẹ́yìn fèrèsé, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ni bàbá ọmọ náà?" ni Alájì bi í.

"Bàbá ẹ̀ ti kú, Alájì. Ará Ìwó ni wọ́n. Àgọ́ Aláyè ni wọ́n ti ń ṣe kòkó."

"Lórí ilẹ̀ ta?"

"Ilẹ̀ onílẹ̀ ni."

"Ẹ̀hẹ́n! Oníṣákọ́lẹ̀! Ẹni tó ń ru kòkó lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún kí wọ́n má baà lé e. Ọmọ ẹ̀ ló wá fẹ́ fẹ́ ọmọ tèmi? Ìyá Ìdáyátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí búrẹ́dì yín."

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àzíìzàt fi sunkún, ojú rẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kẹrin, alárinà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú gáréèjì. "Ọmọ yìí, ràn mí lọ́wọ́. Kí ni mo lè wí tí bàbá ẹ á fi gbà? Iṣẹ́ wo ni ọkùnrin yìí ń ṣe ní London?"

"Ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Mo mọ ìyẹn. Ipò wo ló wà níbẹ̀?"

Àwọn dẹ́rẹ́bà bàbá rẹ̀ jókòó sí ìtòsí, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Àzíìzàt wò wọ́n. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí wọ́n á ṣe rẹ́rìn-ín, bí wọ́n á ṣe máa pè é ní ìyàwó gbálẹ̀gbálẹ̀ tó bá ń kọjá. Ojú tì í, ojú sì tún tì í pé ojú ń tì í.

"Ẹnjinníà ni," ló wí.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́. Ó lè kó o padà lójú ẹsẹ̀, kó ní eré lòun ń ṣe. Kò kó o padà. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tí Alájì fi ní kí wọ́n pe alárinà padà wá. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ nínú gáréèjì Ọ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin mẹkáníìkì wọ̀nyí," ni Alájì á máa wí, "ẹ ò lè tún bírékì lásán ṣe! Àna mi ló ń tún ọkọ̀ tó ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ ṣe nílùú òyìnbó!" Wọ́n á máa kí i kú oríire. Àzíìzàt á sì tẹ orí mọ́ ìwé èrò, á máa sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni màá sọ fún un. Ọ̀la dé, ó tún sún un síwájú.

Wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Zubair ò rí àyè gbà níbi iṣẹ́, wọ́n sì fẹnu kò pé kí wọ́n ṣe é bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é láyé ìsìnyí tí ọkọ ìyàwó bá wà lókè òkun: kí àwọn ẹbí rẹ̀ tẹ àwòrán rẹ̀ ní ńlá, kí wọ́n gbé e sórí àga tó yẹ kó jókòó sí. Àzíìzàt sáré lọ sí Àgọ́ Aláyè.

"Màmá, nínú àwọn àwòrán rẹ̀, èyí tó wọ kóòtù yẹn ni kí ẹ gbé wá o."

"Gbogbo wọn ló dáa, ìyàwó mi," ni ìyá Zubair wí.

Ẹfúnróyè ni wọ́n ń pe obìnrin náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ká ní Àzíìzàt sọ fún un níbẹ̀ pé, "Màmá, mo ti purọ́ nílé wa," bóyá ìtàn yìí ì bá má gùn. Ó kàn kúnlẹ̀ kí i pé ó dàbọ̀, ó gun ọ̀kadà.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ẹbí kún ilé Alájì fọ́fọ́. Ìyá Zubair dé pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ, wọ́n ru iṣu, wọ́n gbé oyin àti epo pupa, wọ́n kó èso sínú apẹ̀rẹ̀. Áfáà ṣàdúrà. Alárinà wá ní kí ọkọ ìyàwó wọlé. Ìyá Zubair fúnra rẹ̀ ló dìde, ó gbé àwòrán tí wọ́n faṣọ wé sórí àga, ó ṣí aṣọ kúrò.

Zubair ni, ó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn tó ń dán ló wọ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ dání, bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín débi pé eyín rẹ̀ yọ tán.

"Èyí tó wọ kóòtù ò jọ ọ́," ni ìyá náà wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó le ojú koko. Èyí ni ọmọ mi."

Mùíz, àbúrò Àzíìzàt tó wá láti Èkó, dìde lọ ka ohun tí wọ́n kọ sí àyà ẹ̀wù náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Àwọn tó ń ṣe ìmọ́tótó ni wọ́n kọ síbí o. Bàbá, gbálẹ̀gbálẹ̀ ni."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ilé bá gbà á. Alájì ò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí alárinà. "Ẹnjinníà lẹ sọ fún mi."

"Wàláì, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ!"

"Ta ló sọ fún yín?"

Ìyá Ìdáyátù wo Àzíìzàt. Gbogbo ilé wo Àzíìzàt.

"Àzíìzàt," ni bàbá rẹ̀ wí, "ṣé ìwọ mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe?"

"Mi ò mọ̀ o, Bàbá. Ẹnjinníà ló pe ara rẹ̀ fún èmi náà."

Ohun tó burú jù ni mo ti sọ yẹn. Ìyá Zubair gbójú sókè wò ó, ìyá tí wọ́n jọ jókòó síwájú fóònù kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tó fi wò ó. Ó kàn yé e pé ìtìjú ló mú un purọ́. Àzíìzàt rò pé á là á mọ́lẹ̀, á ní irọ́ lọmọ yín ń pa. Dípò ìyẹn, obìnrin náà ṣe pẹ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ níwájú Alájì, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Alájì. Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò ṣàlàyé dáadáa. Èmi ò kàwé."

"Ẹ kó ẹrù yín," ni Alájì wí. "Ẹ máa lọ. Oníṣákọ́lẹ̀ lásán, ẹ tún fi irọ́ kún un."

Wọ́n kó iṣu padà, wọ́n gbé epo padà. Ìyá Zubair ló gbé àwòrán ọmọ rẹ̀, ó dojú rẹ̀ mọ́ àyà kí àwọn ọmọdé ìta má baà rí i tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Àzíìzàt wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó rò pé ẹkún lòun máa sun, ẹkún ò wá. Ó pe Zubair, kò gbé e. Ó pè é ní ìgbà mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ kẹta, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Zubair ló pè é. Kò fi ojú hàn. Ariwo ọkọ̀ ojú irin nìkan ni Àzíìzàt kọ́kọ́ gbọ́.

"Ṣé òótọ́ ni pé o ní èmi ló purọ́ fún ẹ?"

"Zubair, jọ̀ọ́…"

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Pé o tijú iṣẹ́ mi, ìyẹn ò le. Àwọn ọjọ́ kan wà tí èmi náà ń bojú kí ọmọ Nàìjíríà tó ń kọjá má baà dá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n Màmá mi kúnlẹ̀ fún bàbá ẹ nítorí irọ́ tìẹ. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì."

"Kí ni kí n ṣe? Sọ ọ́, màá ṣe é."

"Mi ò mọ̀. Ọwọ́ Màmá ló wà. Ohun tí Màmá bá wí ni màá ṣe." Ó pa fóònù.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ kejì, Àzíìzàt ti wà lórí ọ̀kadà. Ìyá Zubair ń sá kòkó síwájú ilé, kò ní kó jókòó. Àzíìzàt wólẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní kó foríji òun.

"Èmi? Níbí?" ni ìyá náà wí, ó ń fọwọ́ tẹ́ kòkó. "Ta ló wà níbí tó gbọ́ ọ? Èmi àti ìwọ mọ òótọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú àwọn ẹbí ẹ lo ti sọ ọmọ mi di òpùrọ́. Lọ, ọmọ mi. Oòrùn ti ń yọ, mo ní iṣẹ́."

Ohun tó yẹ kó ṣe ò ṣókùnkùn sí i, ó sì bà á lẹ́rù. Tó bá sọ̀rọ̀, gbogbo Òdìgbó ló máa fi í ṣẹ̀sín. Tí kò bá sọ, Zubair ti lọ nìyẹn. Nínú gáréèjì, wọ́n ti ń pe Ìyá Ìdáyátù ní alárinà elírọ́, ẹni tó ní kó bá òun wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ alárinà mìíràn. Tí obìnrin náà bá kọjá níwájú tábìlì, kì í wo Àzíìzàt. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ yìí fi ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni ń gbé òkúta mì.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ìyàwó Mùíz bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹbí kan náà tún pé jọ sínú ilé kan náà. Bí áfáà ṣe ṣàdúrà tán, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ, Àzíìzàt jáde sí àárín ilé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan. Zubair ò purọ́ fún mi rí. Lọ́jọ́ tí mo bi í gan-an ló ti fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ hàn mí. Èmi ni mo sọ fún Ìyá Ìdáyátù pé ẹnjinníà ni. Màmá Zubair mọ̀ pé mo mọ̀, wọ́n bò mí láṣìírí. Èmi ni òpùrọ́."

"Alihamudulilai!" Ìyá Ìdáyátù ti fò dìde. "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Ẹ lọ sọ ọ́ ní gáréèjì o!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alájì Sàlàkọ́ ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. "Àzíìzàt. Mo lé obìnrin yẹn jáde nínú ilé yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo lé e bí ẹní lé ewúrẹ́. O wà níbẹ̀, ò ń wò mí. Kí ló dé tí o ò lè sọ fún mi?"

"Nítorí ohun tí ẹ sọ nípa oníṣákọ́lẹ̀. Mo rò pé tí ẹ bá tún gbọ́ gbálẹ̀gbálẹ̀, ó ti parí."

Oúnjẹ dé iwájú Alájì, kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó ṣe, ó bèèrè kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ Mùíz.

Wọ́n dé Àgọ́ Aláyè lọ́sàn-án gangan, Alájì, Ìyá Ìdáyátù àti Àzíìzàt. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko dúró láti wo bọ́ọ̀sì tó yà wọ àgbàlá ìyá Zubair. Ìyá náà jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Alájì ṣí fìlà, ó tẹ̀ ba.

"Ìyá Zubair, mo wá tọrọ àforíjì. Mo sọ̀rọ̀ sí yín bí kò ṣe yẹ. Ẹ bínú sí mi, ẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Ẹ dìde, Alájì. Ẹ̀yin, wọ́n purọ́ fún yín ni." Ó kọjú sí Àzíìzàt tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. "Ìwọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́ ní Ọ̀rẹ̀ lọ́la, iṣẹ́ wo ni wàá ní ọmọ mi ń ṣe?"

"Ó ń gbálẹ̀, Màmá," ni Àzíìzàt wí, ó ń wolẹ̀.

"Mi ò gbọ́."

"Ó ń gbálẹ̀ ibùdókọ̀ ojú irin."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn ò gbọ́."

Àzíìzàt gbé orí sókè. Ó rí àwọn àgbẹ̀, ó rí àwọn obìnrin tó ń sá kòkó, ó rí àwọn ọlọ́kadà méjì tó ti pa ẹ́ńjìnnì nítorí kí wọ́n lè gbọ́. Ojú tì í títí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó lanu, ó sì pariwo bí ẹni ń pe èrò:

"Zubair ló ń gbálẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London! Òun ló ń nu táìlì! Ọkọ mi ni!"

Àwọn ọlọ́kadà wo ara wọn. Ìyá Zubair sọ̀ kalẹ̀ látẹnu ọ̀nà, ó di Àzíìzàt mú lápá.

"Ó tó," ló wí. "Dìde nínú erùpẹ̀. Ìyàwó ilé mi ò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ níta báyìí."